Ológìnní Tí Wọn Ò Já Lẹ́nu Ọmú

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́yìn, mi ò gbọ́ yín. Ṣé oúnjẹ alẹ́ ló dí yín lọ́fun ni? Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àlọ́ mi jáde nílé wẹ́rẹ́, ó fo ọgbà, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, kò balẹ̀ síbòmíràn, orí Ológìnní ló balẹ̀ sí. Ológìnní onírùngbọ̀n gígùn, tó lóun ò tíì kúrò lẹ́nu ọmú. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀.

Láyé ìgbà kan, èèyàn àti ẹranko jọ ń gbé ìlú kan náà ni. Odò kan náà ni wọ́n ń pọn. Ẹfọ̀n ni Baálẹ̀ wọn, Ajá sì ni olórí ọ̀wẹ̀. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ báyìí, Ajá á mú agogo, á máa lù ú káàkiri ìlú, oníkálukú á gbé ọkọ́. Oko ẹni yìí lónìí, oko ẹni yẹn lọ́la, títí ebè gbogbo ìlú á fi pé. Wọn kì í fi ẹnì kan sílẹ̀ kó dá nìkan ro oko rẹ̀. Bí òjò bá wá tán, tí odò fà, gbogbo wọn á tún wọ inú odò lọ pẹja. Wọ́n á yan ẹja náà, wọ́n á kó o sínú agbọ̀n, wọ́n á pín in lábẹ́ igi ọdán. Ẹja yìí ni wọ́n fi ń la ìgbà ọyẹ́ já, torí bí ọyẹ́ bá dé nílùú yẹn, kò sóhun téèyàn lè rí jẹ níta mọ́. Ẹni tí ò bá gba agbọ̀n kan lábẹ́ igi ọdán, ebi ló máa lù ú pa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ológìnní fẹ́ràn ẹja yìí ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ. Ọkọ́ ni kò fẹ́ rí.

Ẹ ò rí i pé wàhálà ti dé? Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ rọ̀ múlọ́múlọ́, ó sì fẹ́ kó máa rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún kan, ó ní ẹ̀gún gún òun lẹ́sẹ̀. Lọ́dún kejì, ó ní ojú ń dun òun, òun ò mọ ebè yàtọ̀ sí poro. Lọ́dún kẹta, ó dùbúlẹ̀ gbọọrọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ti kú. Ajá dúró tì í, ó wò ó, ó ní, “Ó dáa. Ẹ gbẹ́lẹ̀.” Bí wọ́n ṣe ń gbẹ́lẹ̀ ni òkú dìde, ó gbé ọkọ́, ó tẹ̀ lé wọn lọ sóko.

Nígbà tí òjò ọdún kẹrin wá kù sí dẹ̀dẹ̀, Ológìnní gun orí ẹ̀ka igi, ó fi ìrù wé ẹsẹ̀, ó ń ronú. Irọ́ ti tán lápò rẹ̀. Ibi tó jókòó sí yìí, ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìyá Àwẹ̀ró ló ń wò.

Ìyá Àwẹ̀ró, èèyàn ni. Arúgbó ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti relé ọkọ. Òun ló ń wẹ gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí nílùú yẹn, ọmọ èèyàn o, ọmọ ẹranko o. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Òkété gbé ọmọ rẹ̀ tuntun wá fún un kó wẹ̀ ẹ́ fún òun. Bí wọ́n ṣe wẹ̀ ẹ́ tán, Òkété jókòó, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ni Ajá bá ń kọjá lọ, ó ń ka orúkọ àwọn tó máa lọ sóko.

Òkété ní, “Ajá, ṣé kò sí ti ọmọ mi ńbẹ̀?”

Ajá rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ìyá ọmọ, ẹ jókòó yín jẹ́ẹ́. Ẹni tí wọn ò bá tíì já lẹ́nu ọmú, a kì í fún un lọ́kọ́ nílùú yìí.”

Ológìnní gbọ́ ọ lórí igi. Etí rẹ̀ méjèèjì nà ró.

Ó rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn. Ìyá tó bí i ti kú kí ojú rẹ̀ tó là. Òótọ́ nìyẹn o, kì í ṣe irọ́. Kò mọ ìyá náà, kò sì fìgbà kan ronú nípa rẹ̀ títí dọjọ́ yẹn. Bí ìyá bá wá kú kí ọmọ tó kúrò lẹ́nu ọmú, ta ló já ọmọ náà lẹ́nu ọmú? Kò sẹ́nì kankan. Ó fi ahọ́n lá irùngbọ̀n rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó fẹ́ dà á láàmú: wọn kì í fún ọmọ ọwọ́ lẹ́ja, kí eegun má baà há a lọ́fun. Aláìsàn ń gba agbọ̀n, arúgbó ń gba agbọ̀n, ọmọ ọwọ́ kì í gbà. Ó ronú síyẹn náà, ó sì rí ọ̀nà rẹ̀. Ó ní, “Bí òjò bá ti lè tán, n ó dàgbà.”

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Àwẹ̀ró sá ìró kan sórí ọgbà, ìró àdìrẹ tó máa ń ró bó bá ń wẹ ọmọ. Ológìnní fà á lulẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ lé e lórí, ó ti etí aṣọ bọ ẹnu, ó ń mu ún. Ó fi ọwọ́ méjèèjì ń tẹ aṣọ náà bí ó ti rí ọmọ Òkété tó ń tẹ ọmú ìyá rẹ̀. Ọ̀tún, òsì. Ọ̀tún, òsì.

Ajá dé pẹ̀lú agogo. “Ológìnní, ọ̀wẹ̀ yá.”

Ológìnní ń mu aṣọ lọ.

“Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?”

“Mò ń mu ọmú.”

Ajá gbé agogo sílẹ̀. “Ìwọ. Tìwọ ti irùngbọ̀n yìí.”

“Ẹ fi ti irùngbọ̀n sílẹ̀. Irùngbọ̀n kì í já èèyàn lẹ́nu ọmú. Ẹni tó já mi lẹ́nu ọmú, ẹ mú un wá kí n rí i.”

“Aṣọ lò ń mu yẹn. Aṣọ ò ní wàrà.”

“Ẹ ò rí i pé mò ń tẹ̀ ẹ́ ni? Bó bá yá, á sun.”

Gbogbo ìlú ti pé jọ. Ni Ológìnní bá bú sórin. Ẹ óò máa gbè é pé, “Ẹ rọra, ọmọ ni.” Ṣé ẹ ti gbọ́? Ó yá:

Ojú mi ò là, ìyá ti lọ,
— Ẹ rọra, ọmọ ni.
Ọmú ò tó, ìyá ti lọ,
— Ẹ rọra, ọmọ ni.
Ta ló já mi lẹ́nu ọmú?
— Ẹ rọra, ọmọ ni.
Ẹ má gbọ́kọ́ lé mi lọ́wọ́,
— Ẹ rọra, ọmọ ni.
Ọwọ́ mi rọ̀, kò tíì gbó,
— Ẹ rọra, ọmọ ni.

Bí ẹ ṣe gbè é dáadáa yìí, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ìlú yẹn náà gbè é. Àwọn míì tiẹ̀ ń nu omijé. Ẹfọ̀n, Baálẹ̀ wọn, béèrè pé ta ló rántí ọjọ́ tí wọ́n já Ológìnní lẹ́nu ọmú. Oníkálukú wo ojú ẹnì kejì. Wọn ò rí ẹni tó rántí. Báwo ni wọ́n ṣe máa rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀?

Ẹfọ̀n ní, “Àṣà wa ni àṣà wa. Ajá, má gbé ọkọ́ lé e lọ́wọ́.”

Ajá fi ìbínú gbé agogo rẹ̀ nílẹ̀. Ológìnní ń mu aṣọ lọ, ó ń fi ojú kan ṣoṣo wò ó.

Ìyá Àwẹ̀ró nìkan ni kò gbè é lórin. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé etí ìró rẹ̀ sókè. Ó ti tutù jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀, èékánná sì ti fa òwú jáde lára rẹ̀. Inú bí i. Ó ti wẹ ọmọ nílùú yẹn títí irun fi funfun lórí rẹ̀. Bí ọmọ bá ń sunkún, ó mọ èyí tí ebi ń pa, ó mọ èyí tó ń ṣàgálámàṣà. Ó wo Ológìnní sókè sódò.

Ó ní, “Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Ẹ ní ọmọ ọwọ́ ni?”

“Ọmọ ọwọ́ ni, ìyá.”

“Ó dáa náà. Ọmọ ọwọ́ ò gbọdọ̀ wà láìsí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ gbé e fún mi.”

Ológìnní rò pé oríire ló dé. Ó jẹ́ kí wọ́n gbé òun.

Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ tuntun? Ẹ ò lè mọ̀, ẹ ti gbàgbé, ìyá yín ló rántí. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Ológìnní tó na ara tán, Ìyá Àwẹ̀ró ti gbé omi gbígbóná kalẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ Ológìnní gbọọrọ sórí wọn.

“Ìyá, kí lẹ fẹ́ ṣe?”

“Ọmọ ọwọ́ kì í sọ̀rọ̀.”

Ó da omi lé e lórí. Ológìnní tí kì í jẹ́ kí ìrì kan òun lẹ́sẹ̀. Ó fi ọṣẹ dúdú pa á, ó fi kànrìnkàn bó o. Ó fi òrí gbígbóná ra á, ó tẹ orí rẹ̀ kó lè rí róbótó, ó fa imú rẹ̀ kó lè gùn. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún pàdé ẹsẹ̀ òsì lẹ́yìn, ó mú ọwọ́ òsì pàdé ẹsẹ̀ ọ̀tún, eegun ń dún kókó. Ó fi ọwọ́ kan gbé e dirọ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ sókè, ó hán an, ó tún sọ ọ́ sókè. “Kí àyà rẹ má baà máa já,” bẹ́ẹ̀ ni ìyá wí. Bó ṣe rò pé ó ti tán, ìyá gbá ọwọ́ sí i lẹ́nu, ó di imú rẹ̀ mú, ó ro àgbo sí i lọ́fun. Àgbo egbò igi, èyí tó korò jù. Ó wá fi ọ̀já dè é pinpin sẹ́yìn, ó lọ pọnmi lódò. Gbogbo ìlú ló rí irùngbọ̀n Ológìnní tó yọ lókè ọ̀já.

Òkété pàdé wọn lọ́nà. Ó ní, “Ìyá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ó mà tóbi o.”

Ìyá Àwẹ̀ró ní, “Ó ń jẹun dáadáa.”

Ológìnní wà lẹ́yìn ìyá, ó ń rò ó pé òun á bọ́ sílẹ̀ kóun lọ gbé ọkọ́. Ó wá rántí oòrùn, ó rántí ebè, ó rántí Ajá tó máa dúró tì í láti máa ka iye ebè. Ó tún rántí agbọ̀n ẹja. Ó bá panu mọ́. Ó ní kò sí ìwẹ̀ tí kì í tán.

Ìwẹ̀ kò tán. Ojoojúmọ́ ni.

Bí àwọn ará ìlú bá ti lọ sóko, tí ìwẹ̀ bá parí, Ológìnní á máa gbọ̀n. Ìyá Àwẹ̀ró á fi ìró àdìrẹ yẹn wé e, á gbé e sórí itan, á máa bó ẹ̀gúsí. Ìró náà ń rùn èéfín, ó ń rùn ọṣẹ dúdú àti òrí. Ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Níbẹ̀rẹ̀, bí Ológìnní bá gbúròó ẹsẹ̀ lọ́nà nìkan ló máa ń ti etí aṣọ bọ ẹnu, kí ẹni tó ń kọjá lè rí i. Bí ẹni náà bá ti kọjá, á tu ú dànù. Nígbà tó yá, ẹni náà á kọjá, á délé, á gbé oúnjẹ kaná, aṣọ á ṣì wà lẹ́nu Ológìnní. Nígbà tó tún ṣe díẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kọjá rárá. Òun fúnra rẹ̀ ò mọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ á máa lọ, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀fun rẹ̀ á máa kùn hùùù bí ọlọ tí wọ́n ń lọ ata lórí rẹ̀ níyàrá.

Ìyá Àwẹ̀ró mọ̀. Ó ń rí i, ó sì ń rẹ́rìn-ín sínú, àmọ́ èékánná tó ń gún un nítan kì í ṣe ẹ̀rín. Ó ká etí aṣọ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ológìnní wá etí kejì rí. Ó ta aṣọ náà ní kókó; Ológìnní mu kókó. Ó gbá a lọ́wọ́ pẹ́pẹ́; Ológìnní sọ̀ kalẹ̀, ó yí ìyá po, ó tún gun orí itan padà bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Ìyá wá ká àpò ògbólógbòó kan, ó tẹ́ ẹ sórí itan sábẹ́ ìró, kí èékánná má baà dé ara òun mọ́. Ìyẹn nìkan ló ṣiṣẹ́.

Ó bi í léèrè lọ́jọ́ kan. Ó ní, “Ìwọ Ológìnní, kò sẹ́nì kankan lọ́nà. Ta lò ń ṣe é hàn?”

Ológìnní la ojú. Ó wo ọ̀nà lóòótọ́, kò rí ẹnì kankan. Ó ní, “Mò ń ṣe é kó lè mọ́ mi lára ni, ìyá. Kí wọ́n má baà fura.”

“Ó dáa,” ni ìyá wí. Ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

Òjò tán. Odò fà. Wọ́n pẹja, wọ́n yan án, òórùn ẹja àrọ̀ gba ìlú kan. Agbọ̀n ti pé lábẹ́ igi ọdán, ọ̀la ni wọ́n máa pín in. Ológìnní bọ́ sílẹ̀ lórí itan, ó gbọn ara, ó na ìrù ró, ó forí lé ilé Baálẹ̀. Ajá ń bẹ níbẹ̀, Òkété náà ń bẹ níbẹ̀.

Ó ní, “Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́. Mo wá sọ fún yín pé mo ti dàgbà.”

Ẹfọ̀n ní, “Nígbà wo?”

“Lánàá.”

Òkété fi ọwọ́ bo ẹnu. Ajá dìde dúró. Ó ní, “Baálẹ̀, ẹ wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹ wo ti Ológìnní. Ṣé agbọ̀n kan náà la jọ máa gbé?”

Ológìnní ní, “Kò sẹ́ni tó ń wo àtẹ́lẹwọ́ lábẹ́ igi ọdán. Ẹni tó bá ti kúrò lẹ́nu ọmú ń gba agbọ̀n. Àṣà wa ni àṣà wa, ẹnu Baálẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ.”

Ẹfọ̀n kò lè sọ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ìwo họ igi. Ó ní, “A gbọ́. Bí a bá sì fẹ́ já ọmọ lẹ́nu ọmú, ó ní bá a ṣe ń ṣe é. Ìyá Àwẹ̀ró á fi ewúro ra etí aṣọ náà. A óò tẹ́ ẹ sábẹ́ igi ọdán, ìwọ á jókòó tì í. Bí Ajá bá pín agbọ̀n tó kẹ́yìn tí ẹnu rẹ ò kan aṣọ, o ti dàgbà, agbọ̀n tó kẹ́yìn yẹn tìẹ ni. Bí ẹnu rẹ bá kàn án, ọmọ ọwọ́ ṣì ni ọ́.”

Ológìnní rẹ́rìn-ín débi pé ó fẹ́ ṣubú. Gbogbo rẹ̀ mà rèé? Kí ó má fi ẹnu kan aṣọ tí kò ní wàrà, tí wọ́n tún fi ewúro ra? Ohun tí òun fúnra òun fẹnu ara òun dá sílẹ̀? Ó ní, “Ẹ bá mi fi agbọ̀n tó tóbi jù ṣe ìkẹyìn.”

Lọ́jọ́ kejì, ìlú pé lábẹ́ igi ọdán. Ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, atẹ́gùn gbígbẹ ń fẹ́, ètè gbogbo wọn ti funfun. Ìyá Àwẹ̀ró tẹ́ ìró àdìrẹ sílẹ̀, etí rẹ̀ dúdú fún ewúro. Ológìnní jókòó tì í, ó gbé àyà sókè bí ọba. Ajá ń pín agbọ̀n. Ó ń pe ẹni yìí, ó ń gbà. Ó ń pe ẹni yẹn, ó ń gbà. Ológìnní ń wo agbọ̀n tiẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Orí ẹja àrọ̀ yọ níbẹ̀, ó ń dán fún òróró.

Atẹ́gùn fẹ́. Òtútù mú un. Ó ní òun á sún mọ́ aṣọ díẹ̀, jíjókòó sórí aṣọ kì í ṣe mímu. Ó gun àárín aṣọ. Ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́. Òórùn èéfín yẹn, òórùn òrí yẹn, ló bá gba imú rẹ̀ lọ sínú ikùn.

Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tẹ aṣọ lẹ́ẹ̀kan.

Ó wo ọwọ́ náà. Ó wò ó bí ẹni ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. Ó fẹ́ gbé e kúrò, ọwọ́ òsì ló bá dáhùn. Ọ̀tún, òsì. Ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ó fẹ́ gbé kíkùn náà mì, kò gbọ́. Ìyá Àwẹ̀ró wo ilẹ̀, kò fẹ́ rí i. Agbọ̀n ku méjì. Ológìnní ń rí agbọ̀n rẹ̀, ó ń rí ọwọ́ Ajá lórí rẹ̀, ó mọ̀ pé ebi ìgbà ọyẹ́ kì í ṣeré. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé, “Má ṣe é. Má ṣe é.” Ló bá ń tẹ orí ba.

Òkété ló kọ́kọ́ bú sórin. Ẹ bá wa gbè é:

Agbọ̀n ẹja ń bẹ nílẹ̀,
— Ẹ rọra, ọmọ ni.
Ó lóun dàgbà láìpẹ́ yìí,
— Ẹ rọra, ọmọ ni.
Ewúro korò, kò mà gbọ́,
— Ẹ rọra, ọmọ ni.
Irùngbọ̀n rẹ̀ ti kan aṣọ,
— Ẹ rọra, ọmọ ni.
Ojú rẹ̀ ti dì, ó ń mu lọ,
— Ẹ rọra, ọmọ ni.

Ó mu ewúro, ó korò dé ọpọlọ, ó sì ń mu ún lọ. Nígbà tó fi máa la ojú, orin ti tán. Ajá ti tú agbọ̀n tó kẹ́yìn, ó ti fi ẹja inú rẹ̀ kún ti àwọn tó kọ ebè jù.

Ológìnní dìde lórí aṣọ. Omi ewúro ń kán lẹ́nu rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín mọ́, kò sì sáré. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á. Ó ní, “Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ dákun. Irọ́ ni mo ń pa tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó di òótọ́.”

Kò sẹ́ni tó tún lè fi í rẹ́rìn-ín. Ajá pàápàá yí ojú sápá kan.

Ẹfọ̀n ní, “Mo gbọ́. Àmọ́ agbọ̀n ti tán, ọmọ ọwọ́ sì ni ọ́. Ọmọ ọwọ́ ò lóko, ọmọ ọwọ́ ò ní ìpín. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ń jẹun.” Lẹ́yìn náà ló wò káàkiri. “Ta ni ìyá rẹ̀?”

Ológìnní tẹ orí mọ́lẹ̀. Ìgbà tó ń kọrin pé ìyá ti lọ, ìyá ti lọ, orin lásán ni lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí òun ń wí.

Ìyá Àwẹ̀ró dìde, eegun orúnkún rẹ̀ dún. Ó ní, “Ṣebí aṣọ mi ló ń mu.” Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìró náà wé Ológìnní, ó gbé e sáyà, ó gbé agbọ̀n tiẹ̀ lé orí, ó ń lọ sílé.

Nígbà tí wọ́n délé, Ológìnní ní, “Ìyá.”

“Ẹ̀n.”

“Ṣé ẹ ṣì máa wẹ̀ mí?”

Ìyá Àwẹ̀ró sọ agbọ̀n kalẹ̀. Ó ní, “Rárá. Èyí tó tó ti tó.” Ó ya orí ẹja àrọ̀ kan fún un, ó yọ eegun rẹ̀ kúrò. Ó tẹ́ àpò ògbólógbòó sórí itan.

Ẹ ti rí i báyìí. Òun ló fà á tí ológbò kò fi lóko, tí kò ní agbọ̀n, tó jẹ́ pé inú ilé, lẹ́bàá ààrò, ló ń gbé títí dòní. Òun ló sì fà á tó fi jẹ́ pé bó ti wù kó dàgbà tó, kó ti bímọ, kó ti pa eku tí ò lóǹkà, bó bá rí itan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ọwọ́ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, ọ̀tún, òsì, á di ojú, á máa wá etí aṣọ. Bó bá ṣe é sí ọ lára, má nà án. Wá nǹkan tó nípọn sórí itan, kí o fún un ní àkísà tiẹ̀. Kò sí ewúro tó ń wo àìsàn yẹn sàn.

Ibi tí mo ti gbé àlọ́ mi ni mo sọ ọ́ sí yìí, kí ẹni tó bá lágbára gbé e délé. Bí mo bá fi irọ́ lú u, kí ológbò ilé mi má gun orí itan mi mọ́ láé. Bó bá sì jẹ́ òótọ́ ni mo wí, kó jẹ́ pé ẹ máa bá a níbẹ̀, tó ń tẹ̀ mí lọ́wọ́ kan, tó ń kùn lọ́wọ́ kejì.